Ìhà Kan àti Òdìkejì: Àlàyé Ísómà Oníhà ní Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ísómà oníhà, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì fi orúkọ cis àti trans dá mọ̀, ní èdè Yorùbá. Ó fi hàn pé ìmọ̀ náà kò ṣòro láti sọ ní èdè yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa ìhà àti ipò kò wọ́n nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣòro ni yíyan ìperí tí kò ní ṣi olùkà lọ́nà. Àpilẹ̀kọ náà lo àpẹẹrẹ mẹ́ta: ásíìdì méjì tí ó dá iyàn sílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rá inú oúnjẹ, àti bí ojú ṣe ń ríran. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ìperí mẹ́ta tí ó ṣeé lò yẹ̀ wò, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orúkọ tí ó ń tọ́ka sí ipò ni ó yẹ, kì í ṣe èyí tí ó ń dájọ́.

Ìfáárà

Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní etí ọ̀sà ní Akọka. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi níbẹ̀ yóò rí afárá Third Mainland tí ó gba orí ọ̀sà lọ sí Erékùṣù Èkó. Yóò pe ibi tí òun dúró sí ní ìhín, yóò sì pe Erékùṣù ní ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ọkọ̀ gba orí afárá náà, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Erékùṣù, ọ̀rọ̀ ti yí padà: Akọka ti di ọ̀hún. Omi kò kúrò ní ààyè rẹ̀, ilẹ̀ kò sì yí. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó pa ipò dà.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń lò nípa òkè Alps. Cis ní èdè Látìn ni "ní ìhà ìhín". Trans ni "ní ìhà ọ̀hún, ní ìkọjá". Ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwọn ni wọ́n ń pè ní Cisalpina, èyí tí ó wà lẹ́yìn òkè sì ni Transalpina. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì yá ọ̀rọ̀ méjèèjì lò, láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé sì ti ń há wọn sórí.

Nínú ọgbà Akọka kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ kẹ́místrì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ti ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá. Ìrìn àárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjèèjì kò tó nǹkan, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í sábà ti ọ̀kan kọjá sí èkejì. Èyí ì bá má fi bẹ́ẹ̀ ní ìpalára bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ trans wà. Ṣùgbọ́n ó ti jáde kúrò nínú ìwé. Ó ti wọ inú òfin oúnjẹ Nàìjíríà, ó ń hàn lára agolo àti ọ̀rá, àwọn oníṣègùn sì ń mẹ́nu bà á. Bí obìnrin tí ń din àkàrà ní Bàrígà bá gbọ́ pé "ọ̀rá trans" ń ba ọkàn jẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un ní èdè rẹ̀ ohun tí trans túmọ̀ sí, ẹ̀rù nìkan ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Kò ní mọ̀ bóyá epo pupa tirẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìperí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Ìmọ̀ tí ènìyàn lè fi ṣe ìpinnu wà nínú rẹ̀.

Ìdè tí ń yí àti ìdè tí kì í yí

Kábọ̀nù ni òpómúléró ẹ̀ka kẹ́místrì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Átọ̀mù kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìdè mẹ́rin tí ó fi ń so mọ́ àwọn átọ̀mù mìíràn. Ó lè fi ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di kábọ̀nù ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, ó sì lè fi méjì dì í mú. Ti àkọ́kọ́ ni a ó pè ní ìdè ẹyọ kan níhìn-ín. Ti èkejì ni ìdè oníméjì.

Iṣẹ́ káfíńtà lè mú ìyàtọ̀ wọn yé ni. Bí káfíńtà bá fi ìṣó kan ṣoṣo kan pákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ ara wọn, pákó òkè yóò máa yí lórí ìṣó náà bí ọwọ́ aago. A kò lè sọ pé igun rẹ̀ kan wà ní ìhà báyìí, nítorí pé bí a bá fọwọ́ tì í díẹ̀, yóò lọ sí ìhà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ìṣó kejì mọ́ ọn, yíyí dópin. Ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà nígbà tí ìṣó kejì wọlé ni yóò máa wà, àfi bí ẹnìkan bá fa ìṣó kan yọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdè rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdè kejì kò rí bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ìdè àkọ́kọ́ wà ní agbedeméjì kábọ̀nù méjèèjì gan-an. Ìdè kejì wà ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹlẹ́kítíróònù kábọ̀nù méjèèjì ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Bí kábọ̀nù kan bá yí, ẹ̀gbẹ́ kò kan ẹ̀gbẹ́ mọ́, ìdè kejì sì já. Nínú ethane, tí ó ní ìdè ẹyọ kan, agbára tí yíyí gbà kò ju nǹkan bíi kilojoule 12 fún mole kan. Yíyí ìdè oníméjì gbà tó nǹkan bíi 270. Ooru inú yàrá lásán ti tó fún ti àkọ́kọ́; kò súnmọ́ ti èkejì rárá.

Nígbà tí ìdè oníméjì bá ti so kábọ̀nù méjì pọ̀, ìdè méjì péré ni yóò kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti fi mú nǹkan mìíràn. Ká sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan mú háídírójìn kan àti ẹ̀ka kan tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹ̀ka ńlá méjèèjì lè wà ní ìhà kan náà ìdè náà. Èyí ni cis. Wọ́n sì lè wà ní òdìkejì ara wọn, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Èyí ni trans. Níwọ̀n bí ìdè kò ti lè yí, ọ̀kan kò lè fúnra rẹ̀ di èkejì. Mólékù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, a sì lè fi igò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa wọ́n mọ́. Ohun tí a ń pè ní ísómà oníhà nìyí.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ohun méjì tí kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan mú gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Bí kábọ̀nù kan bá mú háídírójìn méjì, pípààrọ̀ ipò wọn kò yí ohunkóhun padà. Ó dà bí ìbejì tí wọ́n jọra tí wọ́n pààrọ̀ àga: ẹni tí ń wò wọ́n kò ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Àfiwé láti inú èdè: ìtò àti ohùn

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè lè gba ọ̀nà mìíràn wo ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1830 ni Berzelius, onímọ̀ ọmọ Sweden, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó di ísómà. Ó mú un láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ìpín tí ó dọ́gba". Ó ń tọ́ka sí àwọn ohun tí irú átọ̀mù wọn àti iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ìwà wọn yàtọ̀.

Oríṣi ísómà kan wà tí ó dà bí ìtò gbólóhùn. "Adé pe Òjó" àti "Òjó pe Adé" ní ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó so mọ́ ẹni kò bá ara mu, nítorí náà ìtumọ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ethanol inú ọtí rí sí dimethyl ether. Kábọ̀nù 2, háídírójìn 6 àti ọ́síjìn 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Nínú ọ̀kan, ọ́síjìn wà ní ìparí. Nínú èkejì, ó wà láàrin kábọ̀nù méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ omi tí a ń mu, èkejì jẹ́ afẹ́fẹ́ nínú yàrá.

Ísómà oníhà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtò tirẹ̀ kò yí padà. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù ni ohùn. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà, ní ìtò kan náà, ni ó wà nínú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ohùn dúró sí lórí fáwẹ́lì ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì sí i ti fi apá kan ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bákan náà ni onímọ̀ kẹ́místrì tí ó kọ HOOC–CH=CH–COOH sórí ìlà kan. Ó ti sọ irú átọ̀mù, ó ti sọ iye, ó ti sọ ẹni tí ó so mọ́ ẹni, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìhà. Cis- tàbí trans- tí yóò fi ṣáájú orúkọ náà ni ó ń ṣiṣẹ́ àmì ohùn.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí àfiwé yìí parí sí. Kò sí ohun tí ó wà nínú ohùn òkè fúnra rẹ̀ tí ó fi yẹ kí ọkọ́ jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀; àwùjọ ni ó fohùn ṣọ̀kan lé e. Ṣùgbọ́n ìwà ísómà oníhà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfohùnṣọ̀kan. Inú bí mólékù ṣe rí gan-an ni ìwà rẹ̀ ti ń jáde, bí àpẹẹrẹ tí ó kàn yóò ṣe fi hàn.

Ásíìdì méjì tí ó dá iyàn sílẹ̀

Ásíìdì méjì wà tí ìkọsílẹ̀ orí ìlà yẹn bá mu: maleic àti fumaric. Àwọn onímọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ̀ pé átọ̀mù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ìsokọ́ra wọn sì jọ ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń hùwà bí àjèjì sí ara wọn. Maleic yọ́ ní nǹkan bíi 135°C. Fumaric kò yọ́ títí di nǹkan bíi 287°C. Lítà omi kan ní ìwọ̀n 25°C lè gba maleic tí ó ju gíráàmù 700 lọ, ṣùgbọ́n fumaric tí yóò yòrò nínú rẹ̀ kò tó gíráàmù 10. Bí a bá gbé maleic ka iná, omi yóò jáde lára rẹ̀, yóò sì ká di òrùka. Fumaric kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ní ọdún 1874, Jacobus van 't Hoff, ọmọ ọdún 22 ní ilẹ̀ Holland, gbé ìwé pélébé kan jáde. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ìdè mẹ́rin kábọ̀nù kò tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bébà bí wọ́n ṣe ń yà á. Ó kọjú sí ìhà mẹ́rin nínú òfuurufú. Joseph Le Bel ní ilẹ̀ Faransé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀. Láti inú èrò yìí ni àlàyé ásíìdì méjèèjì ti jáde. Nínú maleic, ẹ̀ka ásíìdì méjèèjì wà ní ìhà kan náà, wọ́n súnmọ́ra tó láti fọwọ́ kan ara wọn, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè pa omi pọ̀ dànù kí wọ́n sì di òrùka. Nínú fumaric, wọ́n wà ní òdìkejì ara wọn, ọwọ́ ọ̀kan kò tó èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á. Ní ọdún 1877, Hermann Kolbe, àgbà onímọ̀ ní Jámánì, bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì fi í ṣẹ̀sín pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Johannes Wislicenus lo èrò náà láti ṣàlàyé ísómà oníhà ní kíkún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́místrì ní ọdún 1901, van 't Hoff ni wọ́n fún.

Ara ẹ̀dá ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Nínú ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa agbára jáde láti inú oúnjẹ, fumaric ni ó ń wáyé, kì í ṣe maleic. Ẹ́ńsáìmù tí ó ń ṣiṣẹ́ lé fumaric lórí kì í dá maleic mọ̀. Èyí tí ó jẹ́ trans ni ara ń lò. Ó yẹ kí olùkà fi kókó yìí sọ́kàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé orí ọ̀rá.

Inú ìkòkò: ọ̀rá àti òróró

Ásíìdì oleic pọ̀ nínú epo pupa àti òróró ẹ̀pà. Ẹ̀wọ̀n kábọ̀nù 18 ni, ìdè oníméjì kan sì wà ní àárín rẹ̀, láàrin kábọ̀nù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí ó ṣe ń wá láti inú ewéko, cis ni. Èkejì rẹ̀ tí ó jẹ́ trans ni elaidic. Oleic ń yọ́ ní nǹkan bíi 13°C, elaidic ní nǹkan bíi 45°C. Nínú ilé ìdáná kan ní Èkó, níbi tí ooru ti ń súnmọ́ 30°C, oleic yóò máa ṣàn, elaidic yóò dì gbagidi.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Cis máa ń mú kí ẹ̀wọ̀n náà tẹ̀ ní àárín, trans sì ń jẹ́ kí ó gún. Ẹni tí ó bá ti di igi ìdáná rí mọ̀ pé igi tí ó gún máa ń tò pọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ìdì rẹ̀ sì máa ń le. Igi wíwọ́ kì í tò. Àlàfo yóò wà láàrin wọn, ìdì náà yóò sì máa mì. Mólékù tí ó tò pọ̀ pẹ́kípẹ́kí ń fẹ́ ooru púpọ̀ kí ó tó lè tú ká.

Àṣìṣe kan rọrùn láti ṣe níhìn-ín. Epo pupa máa ń dì ní àkókò ọyẹ́, ẹnìkan sì lè rò pé ó ti di ọ̀rá trans. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún epo pupa tí ó jẹ́ palmitic, ásíìdì tí kò ní ìdè oníméjì kankan, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì gún. Òun ni ó ń mú epo dì. Níbi tí kò bá sí ìdè oníméjì, kò lè sí cis tàbí trans. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń sọ nípa ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì yẹ kí á da méjèèjì pọ̀.

Ibi tí ọ̀rá trans ti wá ní pàtàkì ni ilé iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1902 ni Wilhelm Normann ní Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a fi lè sọ òróró tí ń ṣàn di ọ̀rá líle. Wọ́n ń fi háídírójìn sí òróró gbígbóná níbi tí irin nickel wà, kí háídírójìn lè wọ ìdè oníméjì kí ó sì sọ ọ́ di ìdè ẹyọ kan. Nickel máa ń ṣí ìdè kejì ní ìlàjì. Bí háídírójìn bá wọlé tán, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí ìdè náà bá tún padà dé kí iṣẹ́ tó parí, ó lè má dé sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀; èyí tí ó jẹ́ cis lè di trans. Nítorí náà, òróró tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí sí lábọ̀ ni ó ń kún fún trans. Èyí tí wọ́n ṣe délẹ̀ pátápátá kò ní ìdè oníméjì tí yóò gbé trans dúró.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ọ̀rá yìí fi wà nínú bọ́tà àtọwọ́dá, bisikíìtì àti ọ̀rá ìdín-nǹkan, nítorí pé ó le, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ní ọdún 1990, Mensink àti Katan ní ilẹ̀ Netherlands fi hàn pé ó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó ń ṣe ìpalára pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń dín èyí tí ó ń dáàbò bo ọkàn kù. Denmark fi òfin dí i lọ́wọ́ ní ọdún 2003. Àjọ Ìlera Àgbáyé pe gbogbo orílẹ̀-èdè sí iṣẹ́ náà ní ọdún 2018. Ní Nàìjíríà, ìlànà NAFDAC ti ọdún 2022 lórí ọ̀rá àti òróró sọ pé trans kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Fún alákàrà Bàrígà, ìdáhùn ti wá hàn kedere. Oleic inú epo pupa tirẹ̀ jẹ́ cis láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbígbé epo ka iná fún dídín lásán kì í sọ ọ́ di ọ̀rá trans bí iṣẹ́ nickel ti ń ṣe. Bí a bá ń lo epo kan náà léraléra lórí iná líle, ó lè bí ìwọ̀nba díẹ̀, ìdí kan sì nìyí tí ó fi dára láti máa pààrọ̀ epo. Ohun tí ó yẹ kí ó wò ni ara agolo tàbí ike ọ̀rá tí ó bá rà: bóyá wọ́n ti fi háídírójìn sí i lábọ̀.

Inú ẹyinjú: nígbà tí trans jẹ́ ìmọ́lẹ̀

Bí trans bá jẹ́ orúkọ mìíràn fún ibi, ojú kì bá tí ríran. Ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú ni awọ tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ retinal wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó so mọ́ purotéènì kan. Nínú òkùnkùn, ìdè oníméjì retinal tí ó wà ní kábọ̀nù kọkànlá jẹ́ cis, ẹ̀wọ̀n náà sì tẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, agbára rẹ̀ yóò tú ìdè kejì fún àkókò tí kò tó ìpín kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀wọ̀n náà yóò yí sí òdìkejì, yóò gún, yóò sì ti purotéènì tí ó dì í mú. Títì yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń dé ọpọlọ gẹ́gẹ́ bí ìríran. Kí retinal náà tó tún lè gba ìmọ́lẹ̀, ara gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sí cis. George Wald, tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìṣègùn ní ọdún 1967, ni ó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó tú àṣírí yìí.

Retinal kò jìnnà sí ìkòkò. Ara fi fítámì A ṣe é, karotíìnì tí ó sọ epo pupa di pupa sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ara fi ń ṣe fítámì náà. Ìdè oníméjì karotíìnì inú epo pupa, trans ni púpọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá yọ epo títí pupa rẹ̀ fi parẹ́, karotíìnì ni a jó dànù. Ẹni tí fítámì A rẹ̀ kò tó kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Nínú ìkòkò epo pupa kan ṣoṣo, nígbà náà, cis tí ó dára wà, trans tí ó dára sì wà pẹ̀lú.

Ìperí wo ni ó yẹ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni láti túmọ̀ Látìn ní tààrà: ìhín fún cis, ọ̀hún fún trans. Kò sí ìtumọ̀ tí ó lè bá Látìn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni ohun tí a rí ní etí ọ̀sà: ìhín àti ọ̀hún rọ̀ mọ́ ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Kẹ́místrì kò bìkítà fún ẹni tí ń wò. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ipò ẹ̀ka kan sí ẹ̀ka kejì. Ìyàtọ̀ yẹn hàn ní òpópónà. Ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n wà ní ìhà kan náà títì wà bẹ́ẹ̀, yálà ènìyàn ń bọ̀ láti Ṣómólú tàbí láti Akọka. Àwọn tí wọ́n kọjú síra náà kọjú síra fún gbogbo ẹni tí ń kọjá.

Ọ̀nà kejì ni láti fi ìdájọ́ sínú orúkọ: ọ̀rá rere àti ọ̀rá burúkú, tàbí ọ̀rá òdì. Ó yára yé ni, ìdí nìyí tí ó fi wu àwọn tí ń kéde ìlera. Ṣùgbọ́n fumaric, karotíìnì àti retinal ti jẹ́rìí takò ó. Òdì fúnra rẹ̀ ti ru ẹrù tirẹ̀ nínú èdè. Ọ̀rọ̀ òdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó dára, ẹni tí ó wọ aṣọ lódì sì ti ṣi aṣọ wọ̀. Bí a bá fi òdì sọrí trans, a ti dá ejọ́ náà kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ìhà kan àti òdìkejì. Ísómà ìhà-kan ni cis, ísómà òdìkejì ni trans. Wọ́n sọ ipò ohun méjì sí ara wọn, wọn kò sì bèèrè ibi tí olùsọ̀rọ̀ wà. Lóòótọ́, òdì wà nínú òdìkejì, ṣùgbọ́n ìlò ti wẹ̀ ẹ́ mọ́: kò sí ẹni tí ó gbọ́ "òdìkejì odò" tí yóò rò pé ibẹ̀ burú. A lè sọ pé ọ̀rá òdìkejì tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ń pa ọkàn lára, kí á sì tún sọ pé retinal òdìkejì ni ó ń jẹ́ kí á ríran, láìtako ara wa.

Èyí kò ní kí a pa cis- àti trans- rẹ́ nínú orúkọ èròjà. Orúkọ inú ìwé kẹ́místrì jẹ́ ti gbogbo ayé, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Akọka mọ̀ ọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ Tokyo ṣe mọ̀ ọ́n. Inú àlàyé ni Yorùbá ti ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ̀rí tí ó mú èyí dáni lójú wà nínú kẹ́místrì fúnra rẹ̀. Bí ohun mẹ́rin tí ó wà lára kábọ̀nù méjèèjì bá yàtọ̀ síra, cis àti trans kì í tó mọ́, nítorí pé a kò mọ èwo nínú wọn ni kí á fi wé èwo. Wọ́n wá fi ìlànà Cahn, Ingold àti Prelog to wọ́n ní ipò, èyí tí nọ́ńbà átọ̀mù rẹ̀ ga jù ni ó ń ṣáájú, wọ́n sì fi lẹ́tà Z àti E dípò cis àti trans. Z dúró fún zusammen, ọ̀rọ̀ Jámánì fún "papọ̀". E dúró fún entgegen, "ní ìdojúkọ". Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni méjèèjì. Ọmọdé Jámánì ń lò wọ́n kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́.

Ìkádìí

Iṣẹ́ ìperí Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ gbájú mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìlànà ìjọba lórí èdè ń yí padà: wọ́n fọwọ́ sí ìkọ́ni ní èdè abínibí ní ọdún 2022, wọ́n sì fagi lé e ní ọdún 2025. Ìperí tí ó dára kò ní láti dúró de irú ìlànà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjà, rédíò àti ilé ìwòsàn nílò rẹ̀ bí kíláàsì ṣe nílò rẹ̀.

Ohun tí ísómà oníhà kọ́ni nípa iṣẹ́ yìí ni pé ìtumọ̀ tí ó bá ọ̀rọ̀ àjèjì mu jù lè má jẹ́ èyí tí ó bá ìmọ̀ mu jù, orúkọ tí ó tètè yé ni sì lè jẹ́ èyí tí ó ń ṣini lọ́nà. Ìhà kan àti òdìkejì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò wọ kíláàsì kẹ́místrì rí mọ ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, ó sì mọ èyí tí ó wà ní òdìkejì títì. Láti ibẹ̀ ni àlàyé ti lè bẹ̀rẹ̀.